Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ìwọ́

Láoyè ló fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, nínú páálí,
ó ní ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tí í gbé àdá.
Mo tú páálí, mo ń wá wáyà tí n ó fi ki iná,
mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn,
kò ní.
Ẹ̀rọ tí wọ́n bí láìní ìwọ́!
Eyín rẹ̀ tò ní ìlà méjì bí ẹnu ọ̀nì,
bátìrì rẹ̀ wúwo nídìí bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ẹni.

Lápálápá ni ọgbà tó yí ilé wa ká ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n.
Bàbá Láoyè ló gbìn ín, igi ṣóńṣó ṣóńṣó,
lọ́dún tí a kan páànù.
Télọ̀ ni. Bó ṣe ń gé etí ṣòkòtò ló ṣe ń gé ọgbà:
á ta òwú láti igun dé igun,
á di ojú kan,
á fi téèpù ọrùn rẹ̀ wọ̀n ọ́n.
"Kò gbọdọ̀ ga ju àyà rẹ lọ," ó máa ń wí,
"àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ó ṣe máa kí ara yín?"

Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ kọjá lórí sàréè rẹ̀.
Lápálápá ò mọ̀ pé èèyàn kú. Ó ń ga.
Ó ga kọjá àyà, ó ga kọjá gèlè,
títí Ìyá Mosúnmọ́lá òdìkejì fi di ohùn lásán:
"Ẹ káàárọ̀ o!" láti inú ewé,
èmi náà á dá ewé lóhùn.

Lónìí, Sátidé, mo wọ bùbá àtijọ́,
nítorí oje lápálápá kì í gbọ́ ti ọṣẹ.
Mo tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí,
ó kùn wùùù, bí agbọ́n tí wọ́n sọ lókùúta.
Adìyẹ sá. Ọwọ́ mi gbọ̀n dé èjìká.
Iṣẹ́ tí àdá ń fi òwúrọ̀ ṣe,
ó ṣe é kí omi ìrẹsì tó hó.

Kò gún bí ti télọ̀ o.
Ó wọ́ níbí, ó yọ gọngọ lọ́hùn-ún.
Ewé ya lulẹ̀, orí kan yọ:
Ìyá Mosúnmọ́lá, irun rẹ̀ funfun báláú.
Ìgbà wo?
Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ mà ti rù."
Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti hewú."
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ́ ewé kan nínú èyí tó já,
ó ń fi oje rẹ̀ fẹ́ bàlúùnù wẹ́wẹ́ sójú oòrùn.

Ìdajì ni mo gé dé tí ẹ̀rọ dákẹ́.
Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.
Iná ìjọba sì ti lọ láti Ọjọ́rú.
Ọgbà mi wá dà bí orí ọmọ
tí iná lọ mọ́ bábà lọ́wọ́.
"Ẹ yọ bátìrì yẹn wá, sólà ń bẹ nílé wa."
Mo nà án sí i lókè ọgbà,
ó fi ìborùn gbà á.

Mo wá ń fọwọ́ ṣa ẹ̀ka tó kù
ni ìka mi kọ́ nǹkan.
Òwú ìránṣọ, aláwọ̀ búlúù, ti rẹ̀,
tó so mọ́ igi lọ́jọ́ tó gé ọgbà gbẹ̀yìn,
tí kò tú.
Èèpo igi ti gbé e mì dé àárín,
ìyókù ń mì lẹ́lẹ́.
Mo dúró tì í, mo fi wọn ara mi:
àyà mi gẹ́lẹ́.

Bí mo bá ń gé lọ, kí n rántí yà fún igi yẹn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Lójú fèrèsé òdìkejì
iná tín-ín-rín kan ń ṣẹ́jú, ó ń gòkè,
ó di méjì.
Máńgòrò kan já lu páànù, gbì!
"Ó ku díẹ̀ kó kún o!" ló ké sí mi.
Mo rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ké e.